Ṣọ́ọ̀kì Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Wa

Síńgílẹ́ẹ̀tì tí mo rà lọ́jọ́ Sátidé ti ń fún mi lọ́rùn láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo máa fi ká a lórí okùn, ó ti di ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo sì ti sọ fún Mallam tó tà á fún mi pé kó má rẹ́ mi jẹ o, pé ọmọ-ọmọ ẹni tó ń yẹ aṣọ wò níléeṣẹ́ ni mí, mo mọ aṣọ. Ó ní, "Wallahi, mai kyau ne," pé ojúlówó ni. Èmi tí mo mọ aṣọ gbà á gbọ́. Mo wá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, mo ń mí díẹ̀díẹ̀. Ká ní Bàbá ṣì wà láyé ni, wọn ò ní bá mi wí. Wọ́n á kàn yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, wọ́n á fa ìlà kan sí mi léjìká, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá a sin Bàbá. Bàbá tó bí bàbá mi ni, àwọn náà ló tọ́ mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kọ ohun tí mo rántí nípa wọn. Mo ní Fọ́ọ̀mù Tirí ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ilé-ìwé ló fi mí sílẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má bínú, bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyí.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ aṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ Kaduna níbí. Àwọn kọ́ ló ń hun ún. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n dúró nídìí tábìlì onígíláàsì kan tí iná wà lábẹ́ ẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bá ti hun tán á máa gba orí gíláàsì yẹn kọjá, mítà kékeré kan á máa ka iye yáàdì, Bàbá á tẹjú mọ́ ọn. Tí òwú bá já níbì kan, tàbí tí epo ẹ̀rọ bá kán sí i, Bàbá á dá a dúró, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí etí aṣọ, wọ́n á kọ nọ́ńbà tí mítà mú. Ó tán. Wọn ò ní sọ ohun tó bàjẹ́, wọn ò sì ní sọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Ẹni tó hun ún ló máa wá a. Tó bá wá tún un ṣe tó dáa, Bàbá á fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìlà náà kúrò. Òfin kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: ẹni tó fa ìlà ló ń nù ún. Ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, iléeṣẹ́ gba yúnifọ́ọ̀mù, ó gba káàdì, ó gbàgbé láti gba ṣọ́ọ̀kì. Àpò òsì gbogbo aṣọ Bàbá ló funfun. Ní Narayi níbi tá à ń gbé, àwọn ọmọdé kì í pè wọ́n lórúkọ. "Baba Mai Alli" ni wọ́n ń pè wọ́n, bàbá oníṣọ́ọ̀kì.

Kò sí ohun tí Bàbá ò lè fa ìlà sí. Ìyá àgbà se ọbẹ̀ ilá lọ́jọ́ kan, Bàbá jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá àwo, wọ́n dìde, wọ́n sì fa ìlà sí ọmọrí ìkòkò. Ìyá àgbà fi ṣíbí lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. "Kí ló ṣe ọbẹ̀ náà? Bàbá Jídé, ẹ sọ ọ́ lónìí! Ṣé iyọ̀ ni, àbí ata ni?" Bàbá ti wọ bàtà. Wọ́n ní, "Ìwọ lo sè é."

Ìyá àgbà bínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n dín káún kù. Bàbá nu ọmọrí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Díákónì kan wọ agbádá tuntun wá, ó jókòó síwájú wa gan-an. Láàárín àdúrà, tí gbogbo èèyàn dijú, mo la ojú tèmi díẹ̀ torí bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mo rí ọwọ́ Bàbá tó rọra lọ síwájú. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, ìlà funfun ti wà lẹ́yìn agbádá Díákónì. Ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Wàhálà! Wọ́n pè wá sí yàrá àwọn àgbà. Díákónì ní, "Bàbá, inú ilé Ọlọ́run!" Bàbá ní, "Ẹni tó rán an mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run náà ti rí i."

Èmi gan-an, mo gbé káàdì ilé-ìwé wálé, Bàbá fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ Máàtì, sí ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, sí ẹ̀gbẹ́ Jọ́gíráfì, títí káàdì fi funfun bí ẹni tó da ẹ̀lùbọ́ sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò rí Ìmọ̀ Bíbélì? Mo yege ńbẹ̀ mà." Wọ́n fi ìka kan ibẹ̀ bí ẹni ń wo nǹkan tó ṣàjèjì. Wọ́n ní, "Ibi tó dáa kì í pe èèyàn. Ibi tí kò dáa ló ń pariwo."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń fi rẹ́rìn-ín nílé wa.

Jídé tí Ìyá àgbà fi ń pe Bàbá, bàbá mi ni. Iléeṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi ń hun aṣọ nísàlẹ̀, Bàbá ń yẹ̀ ẹ́ wò lókè. Òfin iléeṣẹ́ ni pé tí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀kì sí aṣọ ahunṣọ kan lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan, kó lọ sílé. Oṣù kan wà tí wọ́n ti fi sí ti bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta dé orí gíláàsì. Kì í ṣe tábìlì ẹlòmíì ló bọ́ sí, ti Bàbá ni. Àwọn tó dúró níbẹ̀ sọ fún Ìyá àgbà pé Bàbá dá aṣọ yẹn dúró, wọ́n sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fa ìlà.

Bàbá mi kó ẹrù lọ sí Maiduguri lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Màmá mi dúró díẹ̀, wọ́n fẹ́ ẹlòmíì ní Zaria. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wá láti Maiduguri, bàbá mi ní àwọn ti débẹ̀. Ìyá àgbà ní lọ́jọ́ tí Bàbá fa ìlà yẹn, wọ́n délé wọn ò jẹun, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ti ẹnu wọn jáde: "Aṣọ ò mọ ọmọ ẹni."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti orin.

Mo di ọmọ ọdún méjìlélógún, mi ò níṣẹ́, mo ní gìtá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Bitrus, ọmọ Kafanchan tó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, la jọ ń ṣeré. Gbogbo ọmọ Kaduna tó ń kọrin nígbà yẹn, rẹ́gẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àwa ní rọ́ọ̀kì la fẹ́. Ìdí ẹ̀ ni pé nínú rọ́ọ̀kì, ariwo máa ń bo ẹni tí kò mọ gìtá ta.

Ọ̀gá kan wà ní Malali, Ọ̀gá Samson, tó ti ṣiṣẹ́ rédíò rí. Ó ń kó orin àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú kásẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ́ gbé jáde. Àyè orin kan ló kù. Ó ní ká gbé tiwa wá.

Ilé Bàbá la ti gbà á sílẹ̀, nínú pálọ̀. A gbé fóòmù ti wíńdò. Rédíò méjì la ní, máíkì kan. A á kọ́kọ́ gba gìtá àti ìlù sínú kásẹ́ẹ̀tì kan, a á wá máa lu ìyẹn jáde láti inú rédíò kìíní, èmi á máa kọrin lé e, rédíò kejì á máa gba gbogbo ẹ̀ pọ̀. Tí gìtá bá pọ̀ jù, a ò ní bọ́tìnnì tá a máa yí. A á gbé rédíò kìíní sórí àga, a á sún àga náà sẹ́yìn. Tó bá ṣì pọ̀, a á sún un dé kíṣìnì. Bá a ṣe ń po ohùn pọ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ àga la fi ń ṣe é.

Ọ̀gá Samson gbọ́ ọ dé ìdajì, ó pa á. Ó ní ó ṣú, báàsì kún un bí ẹrẹ̀, gbogbo ohùn ń jà. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa fíríkúẹ́ńsì. Mo ń mi orí bí alángbá. Ó ní tí mo bá tún un ṣe kó tó di Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àyè náà ṣì wà. Tí n kò bá débẹ̀, ẹlòmíì wà. Mo délé, mo fi òwú àti sípíríìtì nu inú rédíò, mo rò pé ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ wà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún àwọn èèyàn gbọ́. Olórí kọ́áyà wa gbọ́ ọ tán, ó ní, "Níbo ni Jésù wà nínú ẹ̀?" Àbúrò Bitrus ní ó dáa. Mo ní ibo ló dáa? Ó ní ibi tó ti parí. Àwọn ará ilé ní ó dáa, wọn ò sì jẹ́ kí ojú wa pàdé.

Bàbá ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí àpótí wọn ní bàráńdà. Wọ́n ní, "Gbé rédíò yẹn wá."

Bàbá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "good morning" àti "reject" lọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni mo fi kọrin náà. Wọ́n gbé rédíò lé itan, wọ́n rí nọ́ńbà kékeré tó ń yí bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń lọ, ojú wọn tàn. Mítà! Wọ́n jẹ́ kó lu. Wọ́n dá a dúró, wọ́n dìde, wọ́n lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n kọ 031, wọ́n fa ìlà sí i. Wọ́n padà jókòó. Wọ́n tún dìde: 058. Wọ́n tún dìde: 112. Wọ́n gbé rédíò mi fún mi.

Mo ní, "Bàbá, kí ló ṣe 031?"

"Ìwọ lo kọ ọ́."

Èmi àti Bitrus tẹ́tí sí 031 títí a fi rí i. Ìyá Ládì ni, aládùúgbò wa, tó ń gún nǹkan nínú odó. Odó ẹ̀ wọ inú orin, ó ń bá ìlù lọ dáadáa, lẹ́yìn náà ló sinmi láti nu òógùn, ìlù Bitrus sì wá dà bí ẹni tó ṣubú. A lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó dúró tá a bá ń gba orin. Ó ní, "To, ku sa sunana mana." Ó fẹ́ ká kọ orúkọ òun sí ara kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní ó dáa. 058, okùn gìtá kẹta ló ti rọ̀. Mo tún un fà. A tún orin gbà, Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n nu 031, wọ́n nu 058.

112 kò kúrò.

A sún àga dé kíṣìnì, 112 ò kúrò. Bitrus pààrọ̀ ọmọrí ìkòkò tó ń lù bíi ṣíńbálì, kò kúrò. Mo lọ kọ ọ́ ní balùwẹ̀ kí ohùn mi lè dún bí ti ẹni ńlá, Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tún un gbà. Ọjọ́bọ̀ ti dé, ọ̀tunla ni Sátidé. Bitrus ní, "Kai, bàbá yín ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ rọ́ọ̀kì, kí là ń tẹ̀ lé?"

Inú bí mi. Mo jáde lọ bá Bàbá ní bàráńdà, mo sì sọ ohun tí ọmọ kì í sọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ ńbẹ̀ tàbí kí ẹ nù ún kúrò. Irú ìlà yìí náà lẹ fà tí bàbá mi fi lọ."

Ìyá àgbà wà nínú yàrá. Mo gbọ́ tí abẹ́ẹ̀bẹ̀ wọn dúró.

Bàbá ò wò mí. Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, wọ́n yí i lọ́wọ́, wọ́n dá a padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé wọn, tí mo mọ̀, tí wọ́n fẹnu sọ ohun tí ṣọ́ọ̀kì wọn ń wí.

Wọ́n ní, "O yíjú."

"Níbo, Bàbá?"

"Níbẹ̀ yẹn. Ohùn rẹ ló sọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ lo ti kọjú sẹ́ni. Tó o bá débẹ̀, o yíjú, lẹ́yìn náà o padà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo yíjú."

Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọrin ní pálọ̀, mo máa ń rí ẹ̀yìn Bàbá láti ẹnu ọ̀nà. Tí mo bá dé ibì kan nínú orin náà, mo máa ń kọjú sí ògiri, títí kan ti balùwẹ̀. Èmi gan-an ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Àga tá à ń sún ò lè tún un ṣe.

Bàbá ní, "Kí lò ń wí níbẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan, pé Gẹ̀ẹ́sì lásán ni.

"Sùnkànmí. Kí lò ń wí níbẹ̀?"

Mo wolẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ní, "Aṣọ bàbá mi padà wálé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Bàbá mi ò padà wálé."

Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níta, bọ́ọ̀lù kan ògiri wa, ẹnì kankan ò bá wọn wí. Bàbá ní, "Ibi tí mò ń dúró sí ìdí ẹ̀rọ bàbá rẹ ò ju ẹsẹ̀ bàtà ogójì lọ. Mo lè rìn lọ bá a. Mo lè dúró tì í lọ́sẹ̀ yẹn kí n ní, Jídé, ọwọ́ rẹ ń rẹ̀ ẹ́, kí ló dé? Mi ò lọ. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí wọn wọ pálọ̀, wọ́n gbé e síwájú máíkì, wọ́n jókòó. Bitrus dìde lórí ìlù bí ẹni tí pásítọ̀ wọlé tọ̀. Bàbá ní, "Kọ ọ́. Kọ ọ́ sí mi lójú. Èmi ni mo fa ìlà, kì í ṣe ìwọ."

Mo kọ ọ́. Mi ò ní sọ pé ó dùn. Ohùn mi já níbẹ̀ bí òwú. A lù ú padà, nọ́ńbà ń yí, ó dé 112, ọwọ́ Bàbá ò kúrò lórí itan. Ó kọjá. Mo wá dúró, mò ń retí kí wọ́n lọ nu ilẹ̀kùn. Wọn ò dìde. Mo ní, "Bàbá, 112 ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe tìẹ mọ́. Tèmi ni."

Ní Sátidé mo gbé e lọ sí Malali. Ọ̀gá Samson gbọ́ ọ dé òpin, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti mọ́. Àmọ́ ibì kan wà tí ohùn rẹ yọ jù, ó ń gún etí. Jẹ́ kí n bá ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, mo ti gbà á nìyẹn." Ó ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Àyè tí mo ti ń lá àlá ẹ̀ rèé. Èmi tí mi ò lè kọ síńgílẹ́ẹ̀tì fún Mallam, mo gbọ́ ẹnu ara mi tó ń sọ pé, "Rárá sà, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gba kásẹ́ẹ̀tì mi. Maigadi ṣí géètì, ó ní, "Ya ya?" pé báwo ló ṣe lọ. Mo ní "Lafiya," pé àlàáfíà ni. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ jìnnà kí n tó rántí pé mọ́tò wà.

Bitrus ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sọ bó ṣe lọ fún Bàbá. Wọ́n ní, "Ṣé ẹnu ló fi sọ fún ẹ pé ibẹ̀ yọ jù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó gbìyànjú. Ó ṣe jù mí lọ."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni lańlọ́ọ̀dù fẹ́ kun ilẹ̀kùn ilé wa. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Bàbá gbé àpótí síwájú ilẹ̀kùn pálọ̀ tí wọ́n jókòó. Wọ́n kun gbogbo èyí tó kù. Ọdún mẹ́rin ni 112 fi wà níbẹ̀, títí Bàbá fi lọ.

Ìyá àgbà ló ní ká ránṣẹ́ sí Maiduguri. Mi ò rò pé ẹnì kankan máa wá. Bàbá mi dé ní ọjọ́ ìsìnkú, irun wọn ti funfun, wọ́n di erùpẹ̀ mú, wọ́n dà á sínú sàréè. Wọ́n dúró tì wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí. A máa ń kí ara wa, a máa ń jẹun. Àwọn náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Lánàá tí wọ́n ń múra àtilọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn pálọ̀ láti fa báàgì wọn jáde lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n rí i. Wọ́n ní, "Ta ló fa ìlà síbí?" Bí ẹni pé ọwọ́ méjì ló wà láyé tó ń fa irú ẹ̀. Mo lọ gbé rédíò. Mi ò ṣàlàyé kankan, mo yí kásẹ́ẹ̀tì dé 105, mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dúró pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ títí ó fi dé 112, tó sì kọjá, tó sì parí, tí ìró ṣàà bí òjò nínú kásẹ́ẹ̀tì nìkan ṣẹ́ kù. Mo wá sọ fún wọn ohun tí Bàbá sọ nípa ẹsẹ̀ bàtà ogójì.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn. Wọn ò nù ún. Ahunṣọ ni wọ́n, wọ́n mọ òfin.

Mo ru báàgì tẹ̀ lé wọn dé gáréèjì. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n jókòó sétí wíńdò, dírẹ́bà ti ń tẹ họ́ọ̀nù. Bàbá mi yọrí síta. Wọ́n ní, "Sùnkànmí, aṣọ yẹn bàjẹ́ lóòótọ́. Mo ti mọ̀ nígbà tí mò ń hun ún lọ́wọ́."